Ère Tí Fáústù Ṣẹ́ Níka

Oòrùn wọ̀, inú Fáústù ṣì ń ru. Róòmù tó jẹgàba lé ayé lórí ti di ahoro; ère òkúta funfun ti àwọn ọba ibẹ̀ ni Fáústù ń sun níná báyìí, kí ó lè rí ẹfun ìkunlé tà.

"Ẹ fi ọ̀kọ̀ gba ayé," ó jágbe mọ́ ère kan, "nígbà tí ọ̀tá ń dáná sun ilé baba mi, ẹ dúró, ẹ ń wòran!" Ó fi òòlù ṣẹ́ ìka kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú síná.

Kò pẹ́ tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn: gbì, gbì, bí ẹni ń gbé ọlọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, òtútù ń mú mi," ni ohùn àgbàlagbà kan wí.

Fáústù kò wẹ̀yìn. "Ẹ yáná, kí ẹ máa lọ!"

Ọwọ́ funfun kan nà kọjá èjìká rẹ̀. Ìka mẹ́rin ló kù níbẹ̀.