Bátíìkì Tí Mo Gé

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, mo gé aṣọ kan níbi àfihàn oge ní ìlú Pekalongan, ní Indonesia.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń lọ aṣọ lẹ́yìn ìtàgé. Ẹsẹ̀ mi ti wú.

Bátíìkì ń wọ́ nílẹ̀ lára ọmọge tó fẹ́ jáde kẹ́yìn.

"Surti, gé e!" Màdáàmù Wening, ọ̀gá mi tó ni àwọn aṣọ náà, pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ṣẹ́ ẹ po. Mo fẹ́ rà á lódindi lọ́wọ́ yín."

"Ìwọ? Ààfin wo lo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ? Gé e jàre!"

Mo gé e.

Ọmọge náà jáde, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Màmá mi ló fi ìda ya bátíìkì náà, kí a lè fi bo òkú wọn. Àbúrò mi ló jí i tà.

Màmá ṣì wà láyé.

Aṣọ náà kò lè bò wọ́n dé ẹsẹ̀ mọ́.