Akàn Kí Òkété Kú Ewu

Àlọ́ mi gbéra létí odò, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òkété onínúfùfù, tí kì í gba ìkìlọ̀, tí kì í sì í gbójú fo àrífín.

Akàn, aládùúgbò rẹ̀, wá bá a. "Bàbá, òjò ńlá ti rọ̀ lókè odò. Omi ń bọ̀. Ẹ kó kúrò nínú ihò yìí."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ibí gbẹ táútáú! Ṣé òjò tó rọ̀ sóko ẹlòmíràn ni yóò lé mi nílé?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akàn dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó forin sẹ́nu:

Òkété, ẹ kú ewu omi o!
— Ẹ kú ewu!
Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu omi o!
— Ẹ kú ewu!

Inú bí Òkété. "Ewu wo ló wu mí? O ń ṣépè fún mi!" Ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde bí ẹlẹ́rìí, ó gun òkè lọ fẹjọ́ Akàn sun Ẹfọ̀n, àgbà ibẹ̀.

Ẹjọ́ kò tíì dé ìdajì tí odò fi ya dé, tó gba ihò Òkété, tó sì gbé gbogbo ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ lọ.

Akàn, tó ti tẹ̀ lé wọn gun òkè, yọ jáde nínú koríko. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo bẹ̀ yín, ẹ ò kúrò. Mo wá mọ̀ pé bí mo bá rí yín fín, ẹ ó gbẹ́jọ́ gun òkè."

Òkété wo omi, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kí i kú ewu, kì í bèèrè ewu wo mọ́. "A dúpẹ́ o" ló ń wí.