Àgékù Aṣọ Ayaba

Aṣọ ayaba gùn jù, aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an leré sì máa bẹ̀rẹ̀. Aago mọ́kànlá ti lù. Òṣèrébìnrin náà dúró lórí àpótí nínú yàrá ìmúra, aránṣọ kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kó píìnì sẹ́nu.

"Tí mo bá fẹsẹ̀ kọ aṣọ yìí, bí mo ṣe lé ẹ̀gbọ́n rẹ ni màá ṣe lé ìwọ náà."

"Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ ọ́, àǹtí."

Ọdún méje lẹ̀gbọ́n aránṣọ fi ṣe ayaba nílé eré náà. Òṣèré yìí dé láti ìlú mìíràn, ó parọ́ fún ọ̀gá pé ọtí ni obìnrin náà ń mu kó tó bọ́ sórí ìtàgé, wọ́n sì lé e láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò ráyè kí àwọn ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, àwọn olólùfẹ́ eré tí òjò ò lè dá dúró sílé, pé ó dìgbóṣe. Ìyẹn ló dùn ún jù. Látìgbà náà, kì í ṣí fèrèsé ilé rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Aránṣọ gé etí aṣọ funfun náà yíká, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun mú àgékù rẹ̀.

"Mú un. Fi nu imú ẹ̀gbọ́n rẹ."

Òwú méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan le, ìkejì ti gbó. Ó wo méjèèjì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ní aago méjì, ó gbé báàgì kan jáde síwájú ilé eré. Àwọn ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ti tò láti àárọ̀, tàwọn ti àpótí ìjókòó. Àárín wọn ló dàgbà sí. Ó tẹnu bọ Bàbá Àtẹ́wọ́ létí, olórí wọn, ẹni tó jẹ́ pé bí kò bá tíì pàtẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á.

Bàbá gba báàgì náà, ó mirí. "Ó mà ṣe o. Kò mà tíì pẹ́ níbí."

Aṣọ náà ò já, kò sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí eré parí, gbogbo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ju aṣọ funfun pélébé pélébé. Òṣèré gbọ́wọ́ láyà, ó sunkún ayọ̀, ó tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé o rí i?" ló wí fún aránṣọ. "Wọn ò ṣerú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ rí."

"Wọn ò ṣe é rárá, àǹtí."

Aṣọ funfun làwọn ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fi ń dágbére fún òṣèré tó bá ń fi orí ìtàgé sílẹ̀ títí láé, wọn kì í sì í pàtẹ́wọ́ mọ́ fún ẹni tí wọ́n bá ti dágbére fún. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún òṣèré náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, tí wọn ò dágbére fún rí, ni ọ̀gá ránṣẹ́ pè, òun ló sì ń ṣe ayaba báyìí.