Ọ̀já Yéyé Òòrẹ̀

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró sẹ́nu ihò Yéyé Òòrẹ̀, tó ní ọ̀já tí kò rọ́mọ pọ̀n.

Ọmọ ń bẹ o, àmọ́ àrùn ìdílé ń bá a jà: ẹ̀gún ara rẹ̀ kì í simi. Bí ọ̀tá ò tilẹ̀ sí, wọ́n á nàró ṣánṣán, wọ́n á gún ọmọ fúnra rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbóná.

Òkété aládùúgbò ní, “Yéyé, oríkunkun ni. Ẹ fipá pọ̀n ọ́n!”

Yéyé fipá pọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àtọmọ rin ọ̀já gbindin.

“Ọmọ mi ò ṣẹ̀,” ni Yéyé wí. “Ẹ̀gún tó yẹ kó ṣọ́ ọ ni kò mọ èmi yàtọ̀ sí ẹkùn.”

Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó ń gbọn ẹ̀gún tirẹ̀, ó ń kọrin:

Ọmọ mi, èmi mà ni —
Jẹ́jẹ́ o.
Ẹ̀yìn mi ń wá ọ —
Jẹ́jẹ́ o.

Ọmọ ń gbè é bọ̀ lẹ́yìn.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òòrẹ̀ tó ń gbọn ẹ̀gún nínú igbó, ẹ má rò pé ìjà ló ń wá. Ìyá kan ló ń forin pọn ọmọ rẹ̀.