Àgbàdo Tí Wẹ́dà Da Omi Gbígbóná Lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sáàárín o. Ẹ ka ìtàn yìí tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí yín. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí irú ẹ̀ lè wà nínú ilé ẹnikẹ́ni.

1. Àwọn ará àdúgbò kan pawọ́ pọ̀, wọ́n ń dáko sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wọn, kí ebi má bàa pa ẹnì kankan. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: o ò gbọdọ̀ gbin irúgbìn ara ẹ. Èyí tó o bá tọ́jú, ẹlòmíì lo máa fún, wàá sì gba ti ẹlòmíì gbìn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí kálukú máa tọ́jú irúgbìn bí ẹni gbé ẹyin.

Wẹ́dà kan wà níbẹ̀. Òun ló ṣe géètì oko náà, kò sì gbowó. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ yan olórí, ìyàwó àbúrò ẹ̀, Ìyá Ìbejì, ni wọ́n mú. Ara Wẹ́dà ta gììrì.

"Èmi tí mo ṣe géètì! Ìyàwó tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé ló fẹ́ máa pàṣẹ fún mi?"

Ìyàwó Wẹ́dà fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Baálé mi, ṣé géètì la fẹ́ sè jẹ ni?"

Inú tún bí i sí i.

2. Ó gbọ́ pé irúgbìn tòun ló kan Ìyá Ìbejì láti gbìn. Ẹ wá wo iṣẹ́ ìlara! Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó da omi gbígbóná lé àgbàdo ẹ̀, ó tún sá a gbẹ. Ojú ò lè mọ̀, àmọ́ inú ẹ̀ ti kú.

Ó gbé e lọ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyàwó wa, èyí tó dáa jù nìyí o."

"Ẹ ṣé o, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ò ní ríbi."

3. Òjò rọ̀. Oko gbogbo èèyàn hù, àfi ẹyọ kan. Inú Wẹ́dà dùn, ó sáré lọ wòran. Ta ló bá lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀? Màmá tó bí i lọ́mọ! Wọ́n ń fọwọ́ tú ilẹ̀, wọ́n tún ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá! Ta ló fún yín ní àgbàdo yìí?"

"Èmi ni mo bẹ Ìyá Ìbejì ká jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Mo ní kó jẹ́ n gbin ti ọmọ mi kí n tó kú. Kò kàn tètè hù ni. Bóyá ọwọ́ mi ló ti darúgbó."

Wọ́n tún kiwọ́ bọ àpò.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Ó ti kú."

"Ta ló pa á?"

Ìyá Ìbejì wà nítòsí, ó kawọ́ lérí. "Háà, Bọ̀ọ̀dá! Èmi lẹ ṣe é dè?"

4. Àtìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó yè? Kálukú gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, igbó bo oko, géètì dípẹtà.

Wẹ́dà gbóúnjẹ lọ fún Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá wo abọ́ yẹn títí.

"Ọmọ mi, ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún ìlara! Tí wọ́n bá gbé ẹlòmíì ga, ẹ bá a yọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́ de ẹnì kan, ẹ ò mọ ẹni yín tó máa fìfẹ́ tọrọ ẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.