Wáyà Tí Fámúrewá Fi Rọ́pò Fíúsì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó kan ẹni tó ní mọ́tò. Ó tún kan ẹni tó ní ọ̀rẹ́.

1.
Fámúrewá máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Orílẹ̀-Òwu, a sì kó o wá tà ní Apòmù. Ọláníyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ń ṣe olùkọ́ ní Ìkirè. Ohun kan náà ló wu àwọn méjèèjì: rédíò tí ènìyàn ń gbé sínú mọ́tò, tí yóò máa fi bá ẹni tó wà ní ìlú mìíràn sọ̀rọ̀, ì báà má sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rárá. Wọ́n jọ ṣe ìdánwò rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni ìjọba sì fún wọn níwèé àṣẹ. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, àwọn tó ní irú rédíò bẹ́ẹ̀ máa ń pàdé lórí afẹ́fẹ́, wọn a kíra, wọn a ròyìn bí ọ̀nà ṣe rí.

Ọláníyì fara balẹ̀ so tirẹ̀. Orí bátìrì gan-an ló ti fa wáyà tó nípọn, ó sì fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì. Fámúrewá ní òun ò ráyè ìyẹn. Ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò ló ki wáyà tirẹ̀ bọ̀. Rédíò náà sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ́ńjìnnì ni yóò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

2.
Òjò kan gbé afárá kékeré kan lọ lọ́nà Orílẹ̀-Òwu. Fámúrewá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ lórí rédíò títí, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Nígbà tí Ọláníyì dé, ẹ̀ẹ̀kan ló pè tí wọ́n fi gbọ́ ọ ní Ìbàdàn, àwọn tí yóò dí ojú ọ̀nà sì tètè dé.

Láti ọjọ́ náà, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kí Ọláníyì. Àwọn onídòdò Ìkirè ń fi èènì sí tirẹ̀. Bí Fámúrewá bá gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ńṣe ni yóò kúrò níbẹ̀.

Ó sọ fún Òrìṣàbùnmí ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí afárá yẹn."

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i, Bàbá Fẹ́rànmí. Ṣé Olùkọ́ wá sọ pé ẹ̀yin kọ́ ni?"

Fámúrewá dìde, ó jáde lọ.

3.
Ọláníyì fúnra rẹ̀ wá sí Apòmù. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ibi tí wáyà yóò gbà hàn án, ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ Àìkú kí àwọn jọ so ó. Fámúrewá ní ó dára. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ọkùnrin yìí wá ṣe ọ̀gá fún òun ni, àṣírí tó ń jẹ́ kí ohùn tirẹ̀ já geere kọ́ ló sọ.

Ó ra rédíò tuntun tí agbára rẹ̀ ju ti Ọláníyì lọ. Kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dá a so. Ó lu ihò sára irin, ó fa wáyà láti orí bátìrì gba ibẹ̀, kò fi rọ́bà kankan dáàbò bò ó. Fíúsì tó fi sí i jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Etí ihò irin náà ló ti ń gé ara wáyà náà. Ohun tí fíúsì ń sọ fún un nìyẹn. Fámúrewá ká wáyà bàbà, ó fi sí ipò fíúsì. Kò jó mọ́.

Ó ní, "Lọ́la, gbogbo wọn ló máa gbọ́ mi."

4.
Wọ́n gbọ́ ọ lóòótọ́. Láàárọ̀ Sátidé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti Orílẹ̀-Òwu, Kamilah tó ń darí ìpàdé láti Ìbàdàn sì kí i pé ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ń fèsì lọ́wọ́ ni èéfín bá yọ lábẹ́ rédíò. Irin ti bó wáyà. Kò sí fíúsì tí yóò já iná. Kí ó tó dá mọ́tò dúró, iná ti dé ẹsẹ̀ Òrìṣàbùnmí.

Ó fà á jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ti jóná. Mọ́tò jó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ jó. Fóònù ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n wà létí ọ̀nà títí tí mọ́tò kan fi sáré dé. Ọláníyì ni. Ó gbọ́ tí ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gé láàárín ọ̀rọ̀, ó sì mọ ọ̀nà tó ń gbà bọ̀. Òun ló gbé Òrìṣàbùnmí dé ọsibítù.

5.
Lọ́sẹ̀ kejì, Kamilah wá kí wọn. Ó sọ fún Fámúrewá pé, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí afárá yẹn. Olùkọ́ ló sọ fún gbogbo wa lórí afẹ́fẹ́. Gbogbo Sátidé ló máa ń ní ká dákẹ́ ná, bóyá a ó gbọ́ ohùn yín."

Fámúrewá ò gbọ́ ọ rí. Ìdí ni pé bí ohùn Ọláníyì bá ti wọlé, ńṣe ló máa ń pa rédíò.

Òrìṣàbùnmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó sì kọjú sí ògiri. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní. Ọkọ rẹ̀ ò sì ní mọ́tò mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí fíúsì bá jó, ẹ wádìí ohun tó jó o; ẹ má fi wáyà rọ́pò rẹ̀. Bí ire ọ̀rẹ́ yín bá sì ń jó yín nínú, ẹ wádìí ìyẹn náà kí ó tó di iná tí yóò ran ará ilé yín. Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.