Okùn Kẹta

Ìjì kì í dúró kí èèyàn kọ́ṣẹ́ tán kó tó dé. Àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré náà, Ìbídùn tó ń kọ́ṣẹ́ àti Bàbá Orímisàn tó ń kọ́ ọ, nígbà tí ìjì ká wọn mọ́ àárín ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́.

“Ká ìgbòkun kù sí ìdajì!” ni bàbá ń pariwo láti ìdí ọkọ̀, níbi tó ti di ìtọ́kọ̀ mú. “Okùn mẹ́ta ni kí o fi so ó. Bí o bá so ó tán, màá yí ìtọ́kọ̀ sódì, ọkọ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gbé wa mì!”

Ìbídùn so okùn kìíní. Ó so ìkejì, èékánná rẹ̀ ya. Ó gbọ́ tí nǹkan ń mí lẹ́yìn aṣọ ìgbòkun, ó ṣebí atẹ́gùn ni. Nígbà tó kan ìkẹta, atẹ́gùn já aṣọ náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì bú sẹ́kún.

“Mo gbé! Apá mi ò ká a mọ́!”

Ọwọ́ méjì yọ láti òdìkejì ìgbòkun. Wọ́n tutù, wọ́n ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Wọ́n tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ títí Ìbídùn fi ta kókó. Ọkọ̀ yí, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Ìbídùn kúnlẹ̀, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣé gan-an o, bàbá.”

“Ta lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?” Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn bàbá ti wá. “Èmi ò kúrò nídìí ìtọ́kọ̀.”

Kí Ìbídùn tó la ẹnu, ẹnìkan fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn ìgbòkun:

“Kò tọ́pẹ́.”